Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Bàbá Ganmo Káàbọ̀

Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ganmo nítorí pé Ganmo ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe tíṣà. Òun ni àkọ́bí ìyá àgbà mi. Nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo wá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Èsìẹ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọn yóò fi mí ṣe. Wọ́n fi mí sí ìdí iṣẹ́ aṣọ rírán, n kò lè wo ojú oníbàárà kí n wọn èjìká rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa ta búrẹ́dì, mo máa ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì bí ẹni tí òun náà wá rà. Bàbá Ganmo ló wò mí lọ́jọ́ kan tó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọ̀rọ̀ kò bá fẹ́ gba ẹnu ọmọ yìí jáde, ẹ jẹ́ kí ó máa gba ìka rẹ̀ jáde.

Bí ó bá ti wá kí ìyá rẹ̀, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání, á sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé. Nígbà tí ó wá kẹ́yìn, ó fi í sílẹ̀ fún mi. Ó ní kí n máa lò ó títí òun yóò fi bá mi wá tèmi. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i sí mi létí, bí ẹni tó ń sọ orúkọ ọmọ tuntun. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ó fi ṣubú nínú kíláàsì. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì ti ibẹ̀ bọ̀.

Mo ní láti sọ bí a ṣe ń ṣe é ní ilé wa, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé ẹni tó bá ń kà á. Bí ọmọ bá kú tí ìyá rẹ̀ ti di arúgbó, wọn kì í jẹ́ kí ìyá náà gbọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó rí ibojì ọmọ rẹ̀. Ti Ìyá tiwa, ìyá àgbà mi, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá mi kú, tí òun jẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìyá dùbúlẹ̀ kò lè dìde, dókítà ní Ọ̀mù-Àrán sì sọ fún wọn pé ọkàn rẹ̀ kò tún lè gba irú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, wọ́n ṣe ìpàdé ní Òrò, ní ilé àbúrò Bàbá Ganmo tí à ń pè ní Bàbá Òrò. Wọ́n ní kí a sin òkú sí Ganmo, kí a sì sọ fún Ìyá pé ìjọba rán an lọ kàwé sí i ní òkè òkun, pé ibi tó wà kò gba fóònù dáadáa.

Bàbá Òrò yíjú sí mi ní ìpàdé yẹn. Ó ní, "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí Ìyá bá gbọ́, ẹnu rẹ ló ti jáde."

Ẹnì kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Ẹnu wo? Ọmọ tí kì í kí èèyàn tán kó tó sá wọlé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín ní ilé ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fi òfin kan lélẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti Ganmo bọ̀ wá kí Ìyá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní Òrò, kí ó bọ́ aṣọ dúdú sílẹ̀ ní ilé Bàbá Òrò, kí ó wọ ańkárá aláràbarà kí ó tó wọ mọ́tò Èsìẹ́. Màmá Ganmo, ìyàwó olóògbé, tí wọ́n ti gé irun rẹ̀ lulẹ̀, máa ń wé gèlè bo orí débi etí. Á kúnlẹ̀ kí Ìyá, á ní ọkọ òun ní kí òun kí i. Ìyá á gbàdúrà fún un lọ́hùn-ún níbi tó wà. Èmi á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá máa wo ẹsẹ̀ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ. Mo ń tẹ̀wé fún ìjọ wa, mo ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Òrò. Ní ìrọ̀lẹ́, màá fi fóònù mi fún kọ̀ǹpútà ní nẹ́tíwọ̀kì, màá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Òrò tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, màá sì pa nẹ́tíwọ̀kì náà. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ilé ìdáná wa. Mo lè di ojú mi kí n mú ohun tí mo bá ń fẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Màá wà láàárín iṣẹ́, gbogbo ojú rẹ̀ á di búlúù, ọ̀rọ̀ á yọ síta pé èyí tí mo ń lò ti fẹ́ parí, pé tuntun ti dé, pé ó dára jù, pé kò ní dà mí láàmú. Ohun méjì ló máa ń fi sísàlẹ̀ kí n tẹ̀: nísinsìnyí, tàbí tó bá yá. N kò rí kí wọ́n kọ rárá síbẹ̀ rí. Mo máa ń wá a. Ó máa ń dà mí lọ́kàn rú pé ìbéèrè lè wà tí wọn kò fi rárá sí ìdáhùn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ tó bá yá, ojoojúmọ́ ni ó sì ń padà wá, ohùn rẹ̀ kò le, kò bínú, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni mo máa já sí.

Ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin Òrò yẹn, ọ̀rọ̀ tuntun yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ bí wọ́n bá ń dúró de ìwé wọn. Ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n òun kọ̀ ọ́ jálẹ̀, pé èyí tó ń lò láti ọjọ́ yìí ni yóò máa lò títí ẹ̀rọ yóò fi jóná. Òmíràn ní òun gbọ́ pé tuntun náà máa ń ya àwòrán ohun tí èèyàn bá ń ṣe lójú rẹ̀, á kó o pamọ́, kí ó lè rán ọ létí ohun tí o ti gbàgbé. Ọmọbìnrin kan ní ìwé tí òun tẹ̀ ní yàrá òun lòun rí nínú fóònù òun láìfi ránṣẹ́, pé láti ọjọ́ náà ni òun ti ń fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà òun bí òun bá fẹ́ wẹ̀. Ọkùnrin onítẹ̀wé náà, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì pààrọ̀ tirẹ̀, ń fi gbogbo wọn ṣẹ̀sín. Ó ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti mọ̀ wọ́n tán kí wọ́n tó bí wọn, ẹ̀yìn tí omi ti ṣàn lọ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Èmi kò dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kòkòrò kan, irú tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, wọ inú kọ̀ǹpútà mi, ó sì jẹ ètò ìsìn ìkórè tí mo ti tẹ̀ tán. Mo gbé e lọ fún ọkùnrin onítẹ̀wé náà. Ó wò ó, ó ní kò sí àtúnṣe méjì, pé èyí tí wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣọ́ kò lè ṣọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun yóò fi tuntun sí i.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n ronú.

"Kí lo ní tí wọ́n fẹ́ wò?" ni ó bi mí. "Àbúrò, ṣé o ní ilé epo níbì kan tí a ò mọ̀ ni?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Ohun tí mo ní wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé sọ. Bàbá Ganmo wà nínú ẹ̀rọ náà. Ìbéèrè ìdánwò tí ó ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àwòrán rẹ̀, orin ìyìn tí ó kọ ìlà méjì nínú rẹ̀ tí kò parí. N kò fẹ́ kí àlejò kankan máa wo òkú. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ní gbangba pé ó ti kú, ta ló mọ ẹni Èsìẹ́ tó wà nínú àwọn tó ń dúró? Nítorí náà mo sún kọ̀ǹpútà náà sí i. Ó sì bẹ̀rẹ̀.

Tuntun náà ní ìbéèrè púpọ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń kà á. Ṣé kí àwọn máa mọ ibi tí o wà? Ṣé kí àwọn lè bá ọ wá ẹ̀rọ rẹ bí ó bá sọnù? Ṣé kí àwọn máa wo ohun tí o ń tẹ̀, kí àwọn lè túbọ̀ mọ̀ ọ́? Ṣé kí àwọn kó gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ wá síbí, kí ohun gbogbo lè wà lójú kan? Ó ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ń yára bí ti ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí ná."

"Bí mo bá ní kí n kà á, n ò ní jẹun lónìí. Kò sẹ́ni tó ń kà á."

Ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn. Ó pẹ́ nínú òkùnkùn náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ti kú, ara sì ti fẹ́ tù mí. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ rọra wọlé. Ó kọ orúkọ Bàbá Ganmo síta, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ nínú àyíká róbótó kan, ó sì kí i káàbọ̀. Ó ní inú àwọn dùn pé ó tún padà wá.

Ọkùnrin náà bi mí ẹni tó jẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ó ní kí n bá òun kí i. Mo ní màá jíṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti dá wà nínú yàrá mi mọ́. Bí mo bá ṣí kọ̀ǹpútà, yóò kí i. Bí mo bá dìde lọ mu omi, á sùn. Bí mo bá padà, á tún kí i. Iná kékeré kan wà lókè ojú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fi ń wo èèyàn, tó máa ń tàn nígbà mìíràn láìjẹ́ pé mo pè é. Mo fi báńdéèjì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ dí i. Ìtìjú mú mi lẹ́yìn tí mo ṣe é, bí ẹni pé mo fi ọwọ́ bo Bàbá Ganmo lójú.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀. N kò mọ ohun tí mo tẹ̀. Ohùn obìnrin ni, ohùn tútù tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ní ìlú wa, ó sì pe orúkọ Bàbá Ganmo bí àjòjì ṣe máa pè é, ó wọ́ ọ, ó ní báwo ni òun ṣe lè ràn án lọ́wọ́. Ìyá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó gbágùúdá. Mo gbọ́ tí ọ̀bẹ dúró.

"Ta ló ń pe ọmọ mi?"

Mo ní ẹ̀rọ ni, Ìyá.

"Kí ló dé tó fi ń pè é bí ẹni tó jókòó síbẹ̀?"

Mo yára rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá kò bi mí mọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn mi. Ibẹ̀ ló ti ń bó gbágùúdá báyìí. Nígbà mìíràn á béèrè bóyá ó ti kí i lónìí. Bí mo bá ní ó ti kí i, á mi orí, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀rín díẹ̀ á wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbà pé láti òkè òkun ni wọ́n ti ń pè é. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré tí ohùn yẹn bá ṣì sọ lè pa á.

Àwòrán ló tẹ̀ lé e. Ti àtijọ́ ló kọ́kọ́ ń gbé jáde, ó ń pè wọ́n ní ìrántí: Bàbá Ganmo níwájú ilé-ìwé, Bàbá Ganmo àti ọ̀kadà tó kọ́kọ́ ní. Lẹ́yìn náà mo rí èyí tí n kò mọ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin kan tó wú, lórí àpótí. Ojú-ewé ìwé ọmọdé tí wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí. Ìkòkò kan lórí iná. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a kọ ọ́ sí ìdí wọn pé láti inú fóònù Bàbá Ganmo ni, pé òní ni. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó yé mi pé Màmá Ganmo ló ń lo fóònù ọkọ rẹ̀, àti pé ohunkóhun tó bá yà, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá.

Obìnrin náà kò mọ̀. Ó jọ pé mo dúró lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ tí mo ń yọjú wò ó. Ó ya àwòrán ara rẹ̀ nínú jígí, láìwé gèlè, orí rẹ̀ kékeré bí ti ọmọ. Mo yí ojú kúrò, ṣùgbọ́n mo ti rí i. Ọjọ́ kan, ohun funfun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táìlì tẹ́ wọlé wá, gígùn, nínú àgbàlá, iyanrìn tútù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ náà dé kíákíá. Ìyá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, èèpo gbágùúdá ń bọ́ sínú agbada rẹ̀.

Mo mú fóònù mi láti pe Màmá Ganmo kí n sọ fún un, mo sì gbé e sílẹ̀. Báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀? N kò tíì dá pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà rí. Mo jókòó, mo ń rò ó pé bí èmi bá ń rí i láìmọ̀ rẹ̀, kí ni òun náà ń rí?

Ohun tó ń rí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn náà. Nínú fóònù ọkọ rẹ̀, ó ti rí àwòrán ilẹ̀ gbogbo agbègbè wa, ọ̀nà Òrò, ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, àti àmì búlúù kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí lára. Àmì náà wà ní Èsìẹ́. Nígbà tó fẹ̀ ẹ́, ó rí òrùlé ilé Ìyá. Ní ọ̀sán, àmì náà á ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́, ní àkókò tí ọkọ rẹ̀ máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, á tàn, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà níbẹ̀ báyìí.

Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ mi. Nínú ìdàrúdàpọ̀ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣubú, ó rò pé wọ́n jí i ní ilé-ìwé. Bàbá Ganmo kò sì tíì sọ fún un kí ó tó lọ, n kò sì lè la ẹnu sọ ọ́. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ló kù tí àmì náà lè jẹ́. Obìnrin ìjọ ni Màmá Ganmo, ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin, bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ akúdàáyà lójú rẹ̀, á bá a wí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: pé òkú mìíràn máa ń dìde lọ sí ibi tí wọn kò tíì gbọ́ ikú rẹ̀, á máa gbé níbẹ̀ bí alààyè, títí ẹni tó mọ̀ yóò fi dé. Ó ní òun jókòó, òun ń ka ilé gbogbo tí ọkọ òun lè yà sí lórí ìka. Nínú gbogbo ìdílé, ilé kan ṣoṣo ni wọn kò ti gbọ́ ikú rẹ̀.

Ó ní, "Níbo ni ì bá tún lọ?"

Ọjọ́ tí ó wá, ọ̀sán ọyẹ́ ni, eruku bo gbogbo nǹkan, kò sí ìró lójú ọ̀nà. Mo ń tẹ̀wé, mo sì ti ṣí nẹ́tíwọ̀kì láti fi iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kánjú sí ránṣẹ́. Mo gbọ́ ọ̀kadà tó dúró, mo gbọ́ tó lọ. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ohunkóhun, títí kan ọ̀bẹ Ìyá. Mo jáde.

Màmá Ganmo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò yà ní Òrò. Aṣọ dúdú rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀, orí rẹ̀ ṣófo, irun tí wọ́n gé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Kò tilẹ̀ wo Ìyá. Ó ń wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "ṣé ó wà nínú ilé?"

Ìyá wo aṣọ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó wo orí rẹ̀. Mo ń dúró kí ó ṣubú, mo ti na ọwọ́ mi méjèèjì.

"Ta ni?"

"Ọmọ yín."

Ìyá gbé ọ̀bẹ sínú agbada, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó sì dìde. "N kò tíì rí i," ó ní. "Wọlé, ká jọ wò ó."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Wọ́n wọ pálọ̀, wọ́n wọ yàrá Ìyá. Wọ́n lọ sí yàrá tó jẹ́ ti Bàbá Ganmo nígbà tó wà lọ́mọdé, tí a ń kó iṣu sí báyìí. Màmá Ganmo rọra ń ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn. Ìyá náà ń bẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò. Mo ń tẹ̀ lé wọn. Oòrùn wà lókè, ìlú wà ní ìta, obìnrin méjì sì ń wá ọkùnrin kan nínú ilé, kò sì sí èyí tó ń pe orúkọ rẹ̀ nínú wọn.

Nígbà tí wọn kò rí i, Màmá Ganmo wo fóònù, ó sì tẹ nǹkan kan níbẹ̀. Láti inú yàrá mi ni ìró kan ti dáhùn. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún.

Ìyá di apá Màmá Ganmo mú ṣinṣin. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

Mo ní, "Ẹ̀rọ ni. Kọ̀ǹpútà Bàbá Ganmo ni, òun ló fi í sílẹ̀ fún mi. Tuntun tí wọ́n fi sí i ló ń sọ ibi tó wà. Àwòrán yín náà ń wá sọ́dọ̀ mi, Màmá Ganmo, ẹ má bínú, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ó fi í sílẹ̀ fún mi kí ó tó…"

Mo dúró. Màmá Ganmo ti rántí ibi tí ó wà. Mo rí i tí ó wo aṣọ ara rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí orí rẹ̀ láti wá gèlè tí kò sí níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí kí n má parí ọ̀rọ̀ náà.

"Kí ó tó kí ni?" ni Ìyá bi mí.

Ìró náà tún dún nínú yàrá.

Mo ní, "Kí ó tó kú, Ìyá."

Kò ṣubú. Ó jókòó sórí ìdì iṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé orókún. "Mo ti rí aṣọ náà," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan fi ẹnu sọ ọ́ fún mi." Màmá Ganmo ló ṣubú. Ó dojú bolẹ̀ níbi ẹsẹ̀ Ìyá, ó sun ẹkún tí kò tíì lè sun nínú ilé náà láti ìgbà tó ti ń wá pẹ̀lú ańkárá àti ìkíni ọkọ rẹ̀. Ìyá ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa irun kúkúrú orí rẹ̀, ó ń pa á lọ, ó ń pa á bọ̀. Èmi wọ yàrá lọ pa ìró náà.

Wọ́n pe Bàbá Òrò. Bí ó ti wọlé tí ó rí aṣọ dúdú, èmi ló kọ́kọ́ wò. Ó ní òun ti sọ ọ́, pé ẹnu mi ni yóò ti jáde.

"Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde," ni Ìyá dá a lóhùn. "Tìrẹ dà?"

Bàbá Òrò wá ibi kan jókòó.

Ìyá ṣàìsàn. Ó dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù sì ba gbogbo wa pé kò ní dìde. Ṣùgbọ́n ó dìde. Kò lọ sí Ganmo, kò sì béèrè bí ibojì náà ṣe rí. Nígbà tó tún lè rìn, ó wọ yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní kí n ṣí i kí òun wò ó. Mo ṣí i. Ẹ̀rọ náà kí Bàbá Ganmo káàbọ̀.

Ìyá wo àwòrán ọmọ rẹ̀ nínú àyíká náà. "Ṣé kò mọ̀ ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un, Ìyá."

"Èmi náà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ó ní. "Gbogbo yín ń bá èmi náà sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wà láyé." Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Sọ fún un."

Mo pe Màmá Ganmo kí n tó ṣe ohunkóhun, torí tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ní kí n fún òun láyè kí òun kó àwọn àwòrán sí ibòmíràn. Nígbà tó kó wọn tán, ó tún pè mí. Ó ní òun mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni, òun mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n bí àmì yẹn bá kúrò níbẹ̀, ibo ni òun yóò máa wò ní ìrọ̀lẹ́? Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣe bí Ìyá ṣe wí.

Ìyá jókòó tì mí nígbà tí mo ń ṣe é. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa orúkọ rẹ́. Ó farasin púpọ̀, ilẹ̀kùn kan ń já sí òmíràn. Mo tẹ ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ganmo sọ sí mi létí. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìdí tí mo fi ń lọ, ó sì to àwọn ìdí sílẹ̀ kí n mú ọ̀kan. Ṣé mo ní òmíràn ni? Ṣé mi ò fẹ́ràn bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ṣé mò ń bẹ̀rù pé wọ́n ń wò mí? Ikú kò sí nínú wọn. Mo mú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n kọ pé ìdí mìíràn ni, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú àyè kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ pé: ó ti kú. Mo kà á fún Ìyá kí n tó fi ránṣẹ́. Ó mi orí.

Ẹ̀rọ náà ronú. Lẹ́yìn náà ó dáhùn.

"Kí ló wí?"

Mo kà á fún un ní Yorùbá. Ó ní ó dun àwọn pé ó ń lọ. Ó ní gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni àwọn yóò bá a tọ́jú fún ìgbà díẹ̀ sí i, pé bí ó bá yí ọkàn padà, kí ó kàn kọ orúkọ rẹ̀ kí ó sì wọlé, yóò bá ohun gbogbo bí ó ṣe fi í sílẹ̀.

Ìyá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rọra pa á dé, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ títí iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi kú.